Nọ́ńbà Tí Màmá Ń Sọ Fún Mi Láràárọ̀

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni Àǹtí Rónkẹ́ pè mí láti Hamburg. Wọn kò tíì béèrè àlàáfíà ọmọ tí wọ́n fi kìlọ̀ fún mi. Màmá yóò pé ọdún kan tí wọ́n ti lọ ní oṣù yìí, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Wilhelmsburg níbẹ̀ sì fẹ́ tẹ ìwé ìrántí jáde. Èmi tí Màmá tọ́ dàgbà ni wọ́n ní kí n kọ nípa wọn. Àǹtí ní kí n kọ nípa àdúrà Màmá, kí n kọ nípa omi gbígbóná tí wọ́n fi ń ṣe àlejò, kí n kọ nípa bí wọ́n ṣe máa ń di ọwọ́ èèyàn mú láti ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè gan-an.

"Fọláṣadé, má kọ ti oògùn yẹn o. Màmá ò sí níbí láti dáhùn fún ara wọn."

Orí tábìlì ní ilé ìdáná wa ní Berlin ni fóònù wà, mo sì ti gbé ohùn rẹ̀ sókè nítorí pé mo ń gé ẹ̀fọ́. Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mo rò pé kò fetí sí wa. Nígbà tí mo pa fóònù, ó bi mí ní èdè Jámánì, bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀:

"Mama, dürfen wir es immer noch nicht sagen?"

Ó ń béèrè pé ṣé a ò tíì lè sọ ọ́ síbẹ̀ náà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ọrùn ọwọ́ òsì, ìka mẹ́ta, bí Màmá ṣe kọ́ ọ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí ọmọ yìí ti ń ka ọkàn ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, mo sì mọ̀ pé yóò kà á lọ́jọ́ kan.

Kí n sọ ẹni tí Màmá jẹ́. Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi kú ní Abẹ́òkúta, Màmá ló sì gbà mí. Nígbà tí Àǹtí Rónkẹ́, àbúrò ìyá mi, mú Màmá wá sí Jámánì, èmi náà bá wọn wá. Màmá ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook, ní Hamburg kan náà, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń gbé ní àjà kẹrin nínú ilé kan ní Wilhelmsburg tí kò ní Aufzug, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, àtẹ̀gùn nìkan. Ìgbà tí mo lọ́kọ ni mo kó lọ sí Berlin. Ìwé girama ni mo kà mọ, n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, mo sì máa ń kọ ọ́ bó ṣe rí. Màmá ló kọ́ mi.

Ẹnikẹ́ni tó bá gun àtẹ̀gùn yẹn dé, Màmá kì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Wọ́n á kàn fi ọwọ́ hàn án ní àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á wo aago, kò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́ta yóò fi pé. Ọkùnrin òyìnbó kan tó máa ń mú lẹ́tà wá ti jókòó níbẹ̀ rí, tí páálí ẹlòmíì ṣì wà lórí itan rẹ̀, tó ń gba ìka mẹ́ta náà láìjiyàn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìròyìn oyún Tèmítọ́pẹ́ wá láti Berlin, mo fẹ́ sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Màmá tẹ̀ mí jókòó.

"Jókòó ná. Ẹsẹ̀ rẹ ti dé, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ṣì wà lórí àtẹ̀gùn."

Ọ̀dọ̀ Kamala ni wọ́n ti kọ́ gbogbo èyí. Ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi to páálí lórí tábìlì kan náà ní Billbrook. Ará gúúsù Íńdíà ni Kamala, Steilshoop ló ń gbé, ìyá rẹ̀ àgbà sì ti kọ́ ọ ní Ayurveda, ìyẹn ọ̀nà ìwòsàn àtijọ́ tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń lò. Èdè Jámánì tí òun àti Màmá gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó tó wọn fi ṣọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan Màmá dá iṣẹ́ dúró lójijì, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà. Kamala di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó pa ojú dé, ó ní Puls wọn ń sáré bíi ti ẹni tí ajá ń lé.

Puls ni gbogbo wa ń pè é láti ìgbà náà, iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kamala kọ́ Màmá ní ohun tí yóò máa mú un rọlẹ̀: kí wọ́n máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí wọ́n mu omi gbígbóná kí wọ́n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, kí wọ́n fi kọfí sílẹ̀, kí oúnjẹ tó pọ̀ jù jẹ́ ti ọ̀sán, kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fi òróró yànmọ̀tí pa àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Ó kọ́ wọn ní mímí: kí wọ́n fa èémí sínú títí wọ́n á fi ka mẹ́rin, kí wọ́n tú u jáde títí wọ́n á fi ka mẹ́fà. Ó sì fún wọn ní èèpo igi kan tí wọ́n ń pè ní arjuna, tí wọ́n ń sè sínú wàrà.

Ẹ má rò pé Kamala lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ló mú Màmá lọ sí Praxis dókítà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Dókítà ní ọkàn wọn ń sáré, ó tún ń lù ségesège. Ó kọ oògùn tí yóò máa fà á sẹ́yìn, ẹyọ kan láràárọ̀, ó sì ní kí wọ́n má ṣe dá a dúró lójijì láé. Nígbà tí Màmá bi Kamala èwo ni kí àwọn dì mú nínú méjèèjì, mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó sọ:

"Tablette nehmen. Rinde auch. Arzt muss wissen."

Kí wọ́n lo oògùn. Kí wọ́n mu èèpo igi náà pẹ̀lú. Kí dókítà sì mọ̀.

Màmá ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n kì í fi nǹkan falẹ̀ bí wọ́n bá ti gbà á. Puls wọn, tó jẹ́ 104 lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kà á ní Praxis, ti bọ́ sí 76 kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Wọ́n ń sùn dáadáa. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìdúró. Ayọ̀ yìí ló wá sọ wọ́n di olùkọ́ fún gbogbo ayé. Àǹtí Rónkẹ́, tí wọ́n máa ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò lè gbé kọfí sórí tábìlì mọ́. Màmá da ife kan nù lójú mi. Àǹtí wo ife náà, wọ́n wo Màmá, wọ́n ní:

"Màmá, kọfí yìí ló ń bá mi dé ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin kì í bá mi lọ."

Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ Màmá, pàápàá kò bọ́. Wọ́n ti fi ohùn rara wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi kan títí òógùn fi bo aṣọ funfun wọn. Bí a ṣe ń jáde, Màmá di ọrùn ọwọ́ wọn mú lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n wo aago fún ìṣẹ́jú kan gbáko, àwa yòókù sì dúró sẹ́yìn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Lẹ́yìn náà Màmá fi ọwọ́ Bàbá sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́jọ ni, Bàbá. Ọlọ́run ò dití o."

Bàbá Wòlíì rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ìjọ ti ń tò lẹ́yìn ìsìn láti jẹ́ kí Màmá ka ọkàn àwọn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Màmá kórìíra irọ́. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Abẹ́òkúta, mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé ipò kejì ni mo gbà ní kíláàsì. Ipò karùn-ún ni. Màmá mú mi lọ láti ilé dé ilé, ilé mẹ́fà, mo sì sọ ọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé karùn-ún ni. Ní ilé kẹrin mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní ó ti tó. Wọn kò bínú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi etí aṣọ wọn nu ojú mi.

"Ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ, yálà kí o sọ ọ́ di òótọ́ tàbí kí o lọ kó o padà. Kò sí ìkẹta."

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ṣiyèméjì nípa nọ́ńbà kankan tó jáde lẹ́nu wọn.

Mo máa ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì fi pa mọ́. Nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì, mo ní kí wọ́n máa ka Puls wọn láràárọ̀, kí n pè wọ́n ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n sọ nọ́ńbà náà fún mi. Mo ń kọ ọ́ sínú fóònù mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní 92. Mo béèrè bóyá wọ́n ti lo oògùn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn. N kò gbọ́. Mo lọ mú Tèmítọ́pẹ́ jáde ní kíláàsì, a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin, nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n a ti wà ní Wilhelmsburg. Wọ́n mú èmi àti ọmọ jókòó sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Tèmi 112. Wọ́n ní èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n máa pè láràárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ lọ wo òde lójú fèrèsé, wọ́n rọ ohùn wọn sílẹ̀.

"Bí mo bá tún sọ irú èyí fún ọ, wàá tún gbé ọmọ yìí kúrò nílé ẹ̀kọ́."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ti ronú kan gbólóhùn yẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi láyé lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Èmi kò sí níbẹ̀. Inú fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí ni mo ti rí i. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n dúró ṣinṣin. Wọ́n sọ nípa Billbrook, wọ́n sọ nípa ọkàn tó ń sáré. Wọ́n ní dókítà sọ pé oògùn náà di títí ayé. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ wò mí lónìí, ẹ̀yin ará. Omi gbígbóná, èémí mẹ́rin, èémí mẹ́fà, àti orúkọ Jésù. Mo ti fi oògùn wọn sílẹ̀."

Ìjọ bú sí orin. Àwọn obìnrin jó yí wọn ká. N kò tíì wo fídíò náà tán tí mo fi pè wọ́n. Màmá ní kí n fara balẹ̀. Wọ́n ní àwọn ṣì ń lo oògùn, wọ́n ti lo ti òwúrọ̀ yẹn pàápàá. Ẹnu ló gbé àwọn lọ, wọ́n ní, orin ti gun àwọn kí àwọn tó dìde. Mo ní kí wọ́n lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ ní ìsìn tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ṣì ń lò ó lóòótọ́, òótọ́ sì ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo ti wádìí rẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn èyí, ohùn wọn ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò yí padà. 74. 76. 73. Ọjọ́ kan 79, wọ́n sì ṣàlàyé fún mi pé ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ alẹ́ àná. Mo fẹ́ràn 79 yẹn. Mo ronú pé ẹni tó bá ń parọ́ kò ní sọ 79.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Màmá ṣubú níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin S-Bahn ní Wilhelmsburg. Wọ́n ti sọ 75 fún mi ní òwúrọ̀ yẹn. Ọ̀sán ni mo dé ilé ìwòsàn. Ọkàn wọn ń sáré débi pé dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láìgbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ. Ó bi mí irú oògùn tí wọ́n ń lò. Mo dárúkọ rẹ̀, mo sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí ohun tó ń rí kò bá a mu. Mo yọ fóònù mi jáde, mo fi nọ́ńbà oṣù mẹ́wàá hàn án, láìsí òfo ọjọ́ kan. Ẹnu ara mi ni mo fi dáhùn:

"Ja. Jeden Morgen. Ich bin sicher."

Bẹ́ẹ̀ ni, láràárọ̀, ó dá mi lójú. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí níbòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Màmá la ojú, wọ́n mọ̀ mí. Dókítà ní kí n tún bi wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ wọn, mo bi wọ́n bóyá wọ́n lo oògùn wọn ní òwúrọ̀ àná. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Mo lò ó, ọmọ mi. Lọ wá nǹkan jẹ."

Òun ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi kẹ́yìn. Wọ́n kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń kó ilé ìdáná wọn. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àpò èèpo arjuna, mo rí páálí oògùn mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún ẹyọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta kò tíì ṣí. Èyí tó ṣí, mo ka ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹyọ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò. Wọ́n ń gba Rezept, ìwé oògùn, lọ́wọ́ dókítà bó ṣe yẹ, wọ́n ń lọ gba oògùn ní Apotheke bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà fura, wọ́n á sì wá tò ó sẹ́yìn èèpo igi.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri. Nọ́ńbà méjì ni Màmá kọ sí ojú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ 96, 101, 110, 118. Èkejì, tó kéré jù, wà lẹ́yìn lẹ́tà F: F 74. F 76. F 73. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ̀ pé F yẹn ni èmi, Fọláṣadé. Wọ́n ń kọ irọ́ tí wọ́n pa fún mi sílẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì í pa lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra tí wọ́n fi kọ́ mi láti máa kọ nǹkan bó ṣe rí.

Mo rin lọ sílé Àǹtí Rónkẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà náà lábẹ́ apá. Wọn kò tilẹ̀ béèrè ohun tí mo gbé wá. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ẹ̀rí ni Màmá sọ fún àwọn. Màmá kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn ti dúró níwájú Ọlọ́run, àwọn sì ti parọ́ pé àwọn ti fi oògùn sílẹ̀. Bí àwọn bá lọ kó ọ̀rọ̀ náà padà, ojú yóò ti Bàbá Wòlíì, ìgbàgbọ́ àwọn obìnrin tó ń tò lẹ́yìn ìsìn yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó wá ku ọ̀nà kan ṣoṣo láti sọ ọ́ di òótọ́. Kí Màmá má baà jẹ́ òpùrọ́ níwájú Ọlọ́run, èmi ni wọ́n yàn láti máa parọ́ fún.

Mo bi Àǹtí ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi ní gbogbo oṣù mẹ́wàá yẹn.

"Màmá ní bí o bá gbọ́, wàá dé."

Mo ní, "Ǹ bá dé lóòótọ́."

Mo gbé kàlẹ́ńdà náà padà sábẹ́ apá, mo lọ.

Kamala wá sí ìsìnkú pẹ̀lú òdòdó funfun. Nígbà tí mo pè é lẹ́yìn náà láti sọ ohun tí mo rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní Màmá sọ fún òun pé dókítà mọ ohun gbogbo. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: "Sie hat gesagt, der Arzt weiß alles." Wọ́n tan òun náà jẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tí n kò tíì lè gbé mì ni ti ọmọ mi. Ní oṣù Kẹwàá, ṣáájú ikú Màmá, Tèmítọ́pẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn nígbà Herbstferien, ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ oṣù náà. Nígbà tí ó rí kàlẹ́ńdà náà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun mọ ọ́n. Ó ní ìka Oma, bó ṣe ń pe Màmá, ti ń kú tipiri láràárọ̀, nítorí náà òun ni Oma ní kí ó máa ka Puls àwọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ó fi ìka kékeré hàn mí lórí kàlẹ́ńdà: òun ló ka 118. Ó bi Oma bóyá kí òun sọ fún mi, Oma sì ní rárá, Mama, ìyẹn èmi, máa ń bẹ̀rù jù, kí ọ̀rọ̀ náà wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n fún un ní dábínù, wọ́n sì yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n kà. Ó sọ gbogbo èyí létòlétò, bí ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí. Lẹ́yìn náà ó bi mí:

"Ist Oma gestorben, weil ich nichts gesagt hab?"

Ṣé nítorí pé òun kò sọ̀rọ̀ ni Oma fi kú.

Mo ní rárá. Mo ti sọ rárá lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Mo padà lọ bá dókítà ilé ìwòsàn náà, mo gbé páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ pé oògùn náà ì bá gbà wọ́n là, òun kò sì lè sọ pé kò ní gbà wọ́n là. Ó kàn ní ó dun òun pé àwọn kò mọ̀. Mo mú ìdáhùn náà wálé fún ọmọ mi bó ṣe rí, nítorí n kò fẹ́ parọ́ fún un láti tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà kan bá tún ní kí a má sọ ọ́, ohun tí ọmọ náà ń gbọ́ ni pé ohun ìtìjú kan wà, òun sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

N kò bá Ayurveda jà. Mo ṣì ń mu omi gbígbóná láàárọ̀. Mo ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, n kì í mu kọfí mọ́, èmi àti Tèmítọ́pẹ́ sì jọ máa ń mí, mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta, kí ó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ń ràn wá lọ́wọ́. Ó ran Màmá náà lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣe é pẹ̀lú oògùn wọn. Wọ́n fẹ́ràn wa, n kò sì ṣiyèméjì nípa ìyẹn. Obìnrin tó mú mi wọ ilé mẹ́fà nítorí ipò karùn-ún ni mo fẹ́ rántí. Ẹni tó ń kọ F 74 ni mo máa ń rí.

Àǹtí Rónkẹ́, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní jẹ́ kí èyí wọ inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà èmi fúnra mi ni n ó máa fi í fún àwọn èèyàn kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹ bá ń mu ewé tàbí èèpo igi kankan nítorí ọkàn yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà yín, kí ó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹ má dá oògùn ọkàn dúró láìjẹ́ pé òun ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ohun yòówù kí ẹ ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá bi yín bí ara yín ṣe rí, ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé yóò wọ ọkọ̀ wá lójú ẹsẹ̀. Bí ọmọ kékeré kan bá sì wà tí ẹ ti sọ fún rí pé kó má sọ nǹkan fún ìyá rẹ̀, ẹ pè é lónìí, kí ẹ sọ fún un pé kó sọ ọ́.